Okùn Tí Ọwọ́ Òkú So

Hàwáwù kì í tan iná nínú yàrá náà. Bàbá Àkàndé, tó ni ilé fọ́tò, ti kà á léèwọ̀ nígbà ayé rẹ̀: kò gbọdọ̀ sí àtùpà, kò gbọdọ̀ sí ìṣáná, nítorí okùn ló kún inú yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀, okùn gbígbẹ tí iná lè jó tán kí ènìyàn tó figbe ta. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni Hàwáwù ń mú wọlé, bó bá sì ti ka orúkọ tán ni ó ń pa á, kí bátìrì má baà tètè kú. Ìyókù, ọwọ́ ló fi ń ríran.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé náà wà, lápá Ìdúmágbò, nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ògiri wọn ń mu òjò. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí bàbá Hàwáwù, Èkó ni wọ́n bí òun. Ó lọ́kọ nígbà kan, ọkọ kú, ọmọ kò sí. Omi ni ó kọ́kọ́ ń pọn fún Bàbá Àkàndé, láti ìdí ẹ̀rọ, omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò. Bó bá ti da omi tán, kì í tètè lọ. Á dúró, á máa wo orúkọ tí bàbá náà ń fi ìṣó họ sí igun gíláàsì. Ara àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni ó ti kọ́ ABD. Kò jókòó níwájú tíṣà kankan rí. Lọ́jọ́ tí ó ka orúkọ kan sókè, bàbá náà gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹlòmíràn ni yóò máa pọnmi."

Bí Hàwáwù ṣe di olùtọ́jú yàrá okùn nìyẹn, tí àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí yàrá náà ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò ní fèrèsé. Wọ́n kan pákó mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n sì la ihò sí i bí ilé ẹyẹlé, ihò tóóró tóóró tí gíláàsì kan ń wọ̀ ní òòró. Lára gíláàsì yìí ni àwòrán ènìyàn wà, òun ni wọ́n fi ń tẹ fọ́tò sórí pépà. Gíláàsì wúwo, ó sì ń fọ́. A kò lè máa ṣí i kiri ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà tuntun bá dé. Nítorí náà, ihò tó bá ṣófo ni wọ́n ń ki tuntun sí, ibi yòówù kí ihò náà wà. Okùn ló ń sọ ọ̀nà.

Ihò kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Òwú tó rọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ti òsì, ìko ọ̀gọ̀rọ̀ tó le ni wọ́n ń so mọ́ ti ọ̀tún, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú òkùnkùn. Ọ̀dọ̀ Kàsímù, oníbàárà àkọ́kọ́, lókè ẹnu ọ̀nà, ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ tó ń wá bá ṣáájú Kàsímù nínú ABD, á tẹ̀lé òwú. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á tẹ̀lé ìko. Okùn á mú un dé ihò mìíràn, á ka orúkọ tó bá níbẹ̀, á tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà, òwú ni tàbí ìko, títí yóò fi bá ẹni tó ń wá. Bó bá jẹ́ ẹni tuntun ni ó fẹ́ fi kún wọn, ọ̀nà kan náà ni yóò tọ̀, títí yóò fi kan ìkọ́ tí kò sí nǹkan lára rẹ̀. Ara ìkọ́ yẹn ni yóò ti so okùn tuntun, yóò sì fà á lọ sí ihò tí ó ki gíláàsì náà sí.

Kí Bàbá Àkàndé tó ki gíláàsì tuntun sínú ihò, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò kan ìkọ́ ihò náà méjèèjì. Ó máa ń sọ pé, "Ìhòòhò ni kí wọ́n wà. Ọmọ tuntun kì í gbé ẹrù wá sáyé."

Bàbá náà kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga tí ó fi ń gbé oníbàárà jókòó, ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà.

Àwọn oníbàárà ilé náà ní àṣà kan. Bí ẹni tó ya fọ́tò bá kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ á wá gba gíláàsì rẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí ojú òkú wọn wà lọ́wọ́ àjèjì. Nígbà ayé Bàbá Àkàndé, ọjọ́ tí wọ́n bá gba gíláàsì kan, iṣẹ́ mìíràn kò sí mọ́. Á tú gbogbo okùn ihò náà, èyí tó wọlé àtèyí tó jáde, á sì wá ibòmíràn so àwọn tó gbára lé e. Nígbà tí iṣẹ́ ilé náà bọ́ sí ọwọ́ Hàwáwù, ó ń yọ gíláàsì fún wọn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan okùn. Ó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní, "Okùn tí ọwọ́ Bàbá so, ọwọ́ mi kò ní tú u." Bàbá náà ní bí ó ṣe máa ń so okùn: á yí i po lẹ́ẹ̀mejì, á sì ti ìdí rẹ̀ bọ abẹ́, bí ẹni tó ń so ìwọ́ ọmọ. Hàwáwù a máa fi ìka pa ìdè wọ̀nyẹn lára bí ẹni ń pa orí ọmọ, á sì fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí tuntun bá dé, á ki í sínú ihò tó ṣófo náà, pẹ̀lú okùn Bàbá lára ìkọ́.

Kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni ó pè é.

Ní nǹkan bí ọdún 1956, nígbà tí ìjọba ń wó àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, àmì ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń mọ ilé wíwó kan ilé náà. Mọ̀núrù, àbúrò Bàbá Àkàndé, ni ogún kàn. Ó ta gbogbo gíláàsì inú yàrá náà fún ẹni tó ń ṣe fèrèsé. Wọn yóò ha ojú ènìyàn kúrò lára wọn, wọn yóò sì gé wọn. Ọjọ́ Sátidé ni ẹni náà yóò wá kó wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn ìrun, Àlímọ̀t wọlé. Ẹní ni ó ń tà ní Ẹbúté Èrò. Lùkúmọ̀n, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bá ọkọ̀ òkun lọ, ó ń dáná fún wọn nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Inú omi ni wọ́n sin ín sí. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n kó dé.

"Ìyá Fọ́tò, ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Lùkúmọ̀n. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Fọ́tò tó yà níbí kó tó lọ ni mo bá wá. Ó mú tirẹ̀ lọ. Wọn ò rí i nínú ẹrù rẹ̀." Àlímọ̀t jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ sórí itan. "Ojú rẹ̀ ti ń kúrò lójú mi, Ìyá Fọ́tò. Mo rántí etí rẹ̀. Mo rántí àpá orúnkún rẹ̀. Bí mo bá wá ní kí n wo ojú yẹn, ojú ẹlòmíràn ni mò ń rí. Lánàá, ojú ẹni tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo rí lọ́rùn ọmọ mi."

Mọ̀núrù wà lágbàlá, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó gbọ́.

"Hàwáwù, bá a wá a kíákíá o. Ọ̀la ni oníṣòwò mi ń bọ̀. Òkú tí kò bá jáde lónìí, fèrèsé ni yóò dà ní Yábàá. Kí ẹ máa kí i nígbà tí ẹ bá ń kọjá."

"Ẹ̀gbọ́n Mọ̀núrù, ẹ jẹ ẹ̀pà yín," ni Hàwáwù wí.

Ó mú Àlímọ̀t wọ inú yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn dé kí ìmọ́lẹ̀ àgbàlá má baà pa òun lójú. Òórùn kíkan oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò wà níbẹ̀ síbẹ̀. Okùn kan Àlímọ̀t lójú, ó sì tún kàn án lọ́rùn. Ó dúró gbọn-in.

Hàwáwù bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Kàsímù. Lẹ́tà Lùkúmọ̀n wà lẹ́yìn ti Kàsímù. Ó di ìko mú, ó tẹ̀lé e, ó kọjá àwọn bíi mélòó kan, ó sì dé ihò Olúfúnkẹ́. Ó fa gíláàsì jáde díẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Lára gíláàsì gbogbo nǹkan ló máa ń yí padà: ojú ènìyàn á dúdú bí èédú, irun rẹ̀ á funfun, ẹyinjú rẹ̀ á funfun bíi ti ẹja tí wọ́n sè. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni Olúfúnkẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ dúdú kirikiri. Hàwáwù pa tọ́ọ̀ṣì. Lùkúmọ̀n ṣáájú Olúfúnkẹ́, òwú ni. Òwú mú un dé ọ̀dọ̀ Músílíù, ọkùnrin tó di kẹ̀kẹ́ tuntun mú. Lùkúmọ̀n ṣáájú Músílíù, òwú. Ó dé ọ̀dọ̀ Sàfúrátù, obìnrin tó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Lùkúmọ̀n ṣáájú Sàfúrátù, òwú. Òwú yìí gòkè, ó gba ẹ̀yìn àwọn okùn mìíràn, ó gùn. Nígbà tí ó dópin, Hàwáwù fa gíláàsì jáde, ó tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìyàwó tó wọ aṣọ dúdú ni.

Ó kọ́kọ́ rò pé ìyàwó mìíràn ni. Ó wo igun gíláàsì: Olúfúnkẹ́.

Ó padà sọ́dọ̀ Kàsímù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó, oníkẹ̀kẹ́, alábẹ̀bẹ̀. Òwú tún gòkè. Ìyàwó tún jáde.

"Ìyá Fọ́tò," ni Àlímọ̀t wí láti inú òkùnkùn, "ta ni obìnrin yẹn tó ń padà wá?"

"Ìyàwó ilé kan ní Lafiaji ni. Ó wà láàyè. Mo rí i lọ́jà láìpẹ́ yìí."

"Kò fẹ́ ká kọjá."

"Gíláàsì ni, Ìyá Lùkúmọ̀n. Gíláàsì kì í fẹ́, kì í kọ̀."

Bí ó ti wí nìyẹn. Ó yọ tẹ̀sùbáà ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ ìkọ́ Olúfúnkẹ́, kí ó lè mọ̀ dájú. Ó tún tẹ̀lé òwú, iwájú nìkan ni ó ń lọ, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì, kò padà sẹ́yìn. Ó ń fà á láàárín ìka, ó ń kà nínú: oníkẹ̀kẹ́, alábẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ kan ohun kan tó rọ̀ dirodiro nínú òkùnkùn, tó sì ń mì. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dá a lójú pé ẹnì kan ló na tẹ̀sùbáà náà sí òun.

Ó jókòó sílẹ̀. Lọ́rì kan kọjá ní òpópónà, ilẹ̀ mì, gbogbo okùn yàrá náà sì kùn bí oyin. Àlímọ̀t ń pe Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fa gbogbo wọn síta," ni Àlímọ̀t wí. "Ìyá kì í ṣi ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀. Màá mọ̀ ọ́n."

Hàwáwù kò jiyàn. Ó fa gíláàsì díẹ̀ jáde nínú àwọn ihò tó wà nítòsí, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú dúdú, irun funfun. Ojú dúdú, ẹyinjú funfun. Àlímọ̀t tẹjú mọ́ wọn. Ó ní òun rí i níbi ọ̀kan. Orúkọ arúgbó kan ni Hàwáwù kà lára rẹ̀. Ó ní òun rí i níbòmíràn, obìnrin ni. Nígbà tó yá, ó bo ojú, ó ní kó pa iná náà.

"Gbogbo wọn ló jọ ọ́," ni ó wí. "Ẹ gbà mí. Gbogbo wọn ló jọ ọ́."

Ìgbà náà ni Hàwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ó ti yẹ kó ti ronú tipẹ́. Ìlànà yàrá náà kò ṣòro. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ òwú Olúfúnkẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú Olúfúnkẹ́ nínú ABD. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ òwú Músílíù gbọ́dọ̀ ṣáájú Músílíù. Kí wá ni Sàfúrátù ń wá níbẹ̀? Ìdí ABD ni Sàfúrátù wà. Kò lọ́nà ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni ó ti ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni Lùkúmọ̀n wọlé sí. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló mú Sàfúrátù débẹ̀.

Ó dìde, ó padà sí ihò oníkẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ pa ìdè òwú tó wà lára ìkọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó po, ìdí rẹ̀ bọ abẹ́. Ọwọ́ Bàbá ni.

Bàbá Àkàndé ti wà nínú ilẹ̀ kí Músílíù tó ra kẹ̀kẹ́. Òun Hàwáwù fúnra rẹ̀ ló ki gíláàsì yẹn síbẹ̀. Báwo ni ọwọ́ tó ti jẹrà ṣe so okùn mọ́ ọn?

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ìka rẹ̀ lórí ìdè náà, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbé e kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó rántí. Ta ló wà nínú ihò yìí kí Músílíù tó dé? Fúnṣọ́ ni, ọkùnrin Olówógbowó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbà lẹ́yìn ìsìnkú. Kì í ṣe Músílíù ni Bàbá so okùn mọ́. Fúnṣọ́ ni. Òwú Fúnṣọ́ sì lọ sọ́dọ̀ Dáfídì, bó ti yẹ. Dáfídì náà kú, wọ́n gbà á lọ, òun Hàwáwù sì ki Sàfúrátù sí ihò rẹ̀. Òwú Dáfídì lọ sọ́dọ̀ Bíọ́lá. Bíọ́lá náà kú, ihò rẹ̀ ni Olúfúnkẹ́ jókòó sí lónìí.

Àwọn òkú ló ń nawọ́ sí ara wọn bí Bàbá ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn alààyè kàn wà nínú ilé wọn ni. Òwú kan ṣoṣo tí òun Hàwáwù fi so ìyàwó mọ́ oníkẹ̀kẹ́ ni ó pa ìpẹ̀kun wọn pọ̀, tí wọ́n fi di òrùka, tí ènìyàn fi lè máa yí po nínú rẹ̀ títí bátìrì yóò fi kú.

"Ìyá Lùkúmọ̀n," ni ó wí, "kí ni ọmọ yín wọ̀ wá níjọ́ yẹn?"

"Súwẹ́tà. Oòrùn mú, mo ní kó bọ́ ọ, kò gbọ́. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ rántí ọjọ́ náà ni."

Ó rántí súwẹ́tà náà. Ó rántí pé èrò pọ̀, Mọ̀núrù ń pariwo, ó ń kánjú. Lọ́jọ́ yẹn, Dáfídì ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Àìpẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbà á. Nígbà tí òun gbé Lùkúmọ̀n dé ibẹ̀, orúkọ Dáfídì ni òun kà. Lùkúmọ̀n wà lẹ́yìn Dáfídì. Ìko ni òun tẹ̀lé, kì í ṣe òwú.

Ó dé ihò alábẹ̀bẹ̀, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí nínú yàrá yẹn: ó kẹ̀yìn sí orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó tẹ̀lé orúkọ Dáfídì tó ti lọ. Ó na ọwọ́ sí ìkọ́ ọ̀tún. Ìko wà níbẹ̀. Ìdè rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ìdí rẹ̀ bọ abẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra. Bó bá jẹ́ ti Bàbá ni èyí náà, òkú mìíràn ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé e. Ìko náà sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ títí Hàwáwù fi kúnlẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀, sí ihò kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìrì ti máa ń gun pákó. Ó fa gíláàsì jáde. Tọ́ọ̀ṣì ti rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Ojú dúdú, súwẹ́tà, orúkọ ní igun, tí Hàwáwù fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ.

"Ẹ jẹ́ ká jáde," ni ó wí.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lágbàlá. Hàwáwù fi gíláàsì náà lé pépà, ó há wọn sínú férémù, ó sì gbé e síbi tí oòrùn ti kan ilẹ̀. Pépà irú èyí, oòrùn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ibi dúdú lára gíláàsì ń dí oòrùn lọ́nà, ibi funfun ń jẹ́ kó kọjá, ohun gbogbo sì ń padà sí ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà irun jáde, etí jáde. Àlímọ̀t di etí aṣọ Hàwáwù mú.

"Ẹ má tíì yọ ọ́," ni ó ń sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́."

Ojú wá.

Àlímọ̀t wò ó pẹ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Òun nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe gbé ìpéǹpéjú òsì sókè, bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ fún. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láti kékeré."

Mọ̀núrù da èèpo ẹ̀pà nù, ó sún mọ́ wọn, ó wò ó.

Hàwáwù fọ fọ́tò náà, ó sì fi aṣọ wé gíláàsì rẹ̀ fún ìyá tó ni ín, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Lẹ́yìn tí Àlímọ̀t lọ, ó padà sínú yàrá. Mọ̀núrù pè é láti ìta: "Ilé tí wọ́n fẹ́ wó, kí lo tún ń tún ṣe níbẹ̀?"

Hàwáwù lọ sídìí ìko tó mú un dé ọ̀dọ̀ Lùkúmọ̀n. Ó fọwọ́ pa ìdè rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdè Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò rí ìyàtọ̀. Bàbá ti kú nígbà tí wọ́n so ti Lùkúmọ̀n. Òun Hàwáwù ló so ó, pẹ̀lú ọwọ́ tí Bàbá kọ́. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ó ti ń pa ìdè lórí, ó ń ṣọ̀fọ̀ lé wọn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.

Ó fi èékánná tú àkọ́kọ́. Kò rọrùn. Lẹ́yìn náà ó tú èyí tó tẹ̀lé e, ti oníkẹ̀kẹ́, ti alábẹ̀bẹ̀, ti ìyàwó, ó sì ń ká òwú sọ́wọ́ bó ti ń lọ. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ kúrò lára ìkọ́ Olúfúnkẹ́, ó fi sọ́rùn. Nígbà tí ó parí, ó kúnlẹ̀ sídìí ihò Lùkúmọ̀n tó ti ṣófo ní ìsàlẹ̀, ó na àtàǹpàkò sínú òkùnkùn, ó kan ìkọ́ òsì, ó kan ìkọ́ ọ̀tún. Kò sí nǹkan lára wọn.